Ẹ pe ará abúlé kí ẹ tó fa ìlà lórí ilẹ̀

Mo ka ìròyìn kan tó ní ìjọba yóò kọ́kọ́ parí ètò ìlò ilẹ̀ ìgbèríko tó wà nítòsí ibi àjogúnbá, ìyẹn ibi pàtàkì táwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ará abúlé. Èyí ò tọ́ rárá. Ẹni tó ń dáko létí ibi àjogúnbá ló mọ ibi tí àgbàrá ń gbà lásìkò òjò, òun ló mọ ibojì tí kò sí nínú máàpù kankan. Bí ẹ bá fa ìlà láìbi í léèrè, orí ibojì yẹn gan-an ni títì lè gbà kọjá.

Ọdún 1972 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ti ṣe àdéhùn lórí ohun àjogúnbá àgbáyé, síbẹ̀ ó di 2007 kí ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó fi àwọn ará àdúgbò kún àwọn ohun pàtàkì tó ń lépa. Ọdún 35 gbáko!

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilẹ̀ ààbò tí wọ́n máa ń fi yí irú ibi bẹ́ẹ̀ ká. Wọ́n lè ní kẹ́nikẹ́ni má dáko níbẹ̀ mọ́, láìsọ ibi tí àgbẹ̀ yóò ti máa jẹun. Ta ló máa fẹ́ ṣọ́ ibi tó gba oko lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ pè wọ́n láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ń wọn ilẹ̀.