Ọrùn ríro àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ ní ọrùn tó bá ti ń ro èèyàn ju oṣù 3 lọ, àfi iṣẹ́ abẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù 3 ló ń jẹ́ kí dókítà pè é ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ ló kàn. Fọ́tò egungun (X-ray) tí ẹ ń tọ́ka sí pé ó fi hàn pé egungun ọrùn ti jẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ọrùn ò ro rárá, egungun ọrùn wọn ti gbó, ó ti jẹ, nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fi ọdún kan pa ọrùn ríro mọ́ra. Bíríkì méjì lábẹ́ tábìlì tó gbé máṣíìnì ọlọ́wọ́ rẹ̀ lé, kó má baà máa doríkodò mọ́, àti eré ìdárayá ọrùn àti èjìká tí wọ́n kọ́ ọ ní físíò (ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ní ọsibítù), ìyẹn ló fi ń sùn dáadáa báyìí. (Ó ṣì ń ráhùn, àmọ́ ìyẹn ti wà tẹ́lẹ̀.)

Ìgbà tí iṣan ọpọlọ tó gba inú egungun ọrùn kọjá bá há gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ sábà máa ń wọlé: ọwọ́ ń rọ sí i, bọ́tìnnì ò ṣeé dè mọ́, ìrìn dà bíi ti ọ̀mùtí, ìtọ̀ ò ṣeé mú dúró. Ẹni tó bá rí ìwọ̀nyí, kó gba ọsibítù lọ lónìí, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i lọ́rùn.