Ìjẹ́wọ́ kọ́, àìsàn ni: nígbà tí màmá àgbà bá ní "èmi ni mo ṣe é"

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti da ọ̀pọ̀ ilé rú láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá àti Òkè Ọya. Wọ́n á mú màmá àgbà wá láti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Kubwa, kó wá bá wọn tọ́ ọmọ. Kò ní pẹ́, màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru, á máa bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, á ní wọ́n jí owó òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá da ìbéèrè bò ó, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni." Ariwo á ta: màmá ti kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àjẹ́ ni!

Kò kà rárá. Ọpọlọ tí ara rẹ̀ kò yá ló ń sọ̀rọ̀.

Oríṣiríṣi àìsàn ló ń mú kí iyè àgbà rà, àmọ́ Alzheimer ló pọ̀ jù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 100 ẹni tí iyè wọn rà báyìí, ti bí 60 sí 70 jẹ́ Alzheimer. Ibi tí ọpọlọ ti ń fi ohun tuntun pamọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lè ki oríkì ilé wọn láìṣì í, síbẹ̀ tí kò rántí pé òun jẹun láàárọ̀. Bí ẹ bá bi í ní ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ọpọlọ kì í fẹ́ kí àyè náà ṣófo. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ló máa fi dí i. Kì í ṣe irọ́, torí òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Tí èèyàn márùn-ún bá wá yí i ká, tí ohùn wọn le, tí wọ́n ń tún ìbéèrè kan náà bi, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ bi í bóyá àná ló wọ ọkọ̀ dé láti Ọ̀fà, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tó tún ròyìn ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀, ẹ ti rí ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ẹ má fi ṣeré.

Lọ́dún 1901, ní Frankfurt nílẹ̀ Jámánì, Dókítà Alois Alzheimer, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn yìí, bi aláìsàn kan, Auguste Deter, ẹni ọdún 51, ní orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Auguste." Ó bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀, ó tún ní, "Auguste." Nígbà tí obìnrin náà kú lọ́dún 1906, dókítà yìí yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù: ó ti súnkì, èròjà kan ti dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, òmíràn sì ti lọ́ pọ̀ bí òwú nínú wọn. Kì í sì í ṣe àìsàn Òyìnbó nìkan. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àgbàlagbà tó lé ní 2,400 ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, iye tí Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn, 2.52 lọ́hùn-ún. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà.

Àwọn "àmì àjẹ́" yòókù ńkọ́? Ẹni tó ń bá jà nínú dígí, àwòrán ara rẹ̀ ni. Kò dá ojú arúgbó yẹn mọ̀ mọ́. Ẹ fi aṣọ bo dígí náà. Owó tí wọ́n "jí", òun ló tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí tó gbàgbé. Ẹ bá a wá a, ẹ má bá a jiyàn. Nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iyè rẹ̀ túbọ̀ ń dàrú, á ní òun ń lọ sílé. Ẹ tan iná kó tó di aago márùn-ún ààbọ̀, kí òjìji má baà gba iyàrá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: ibà, àkóràn inú ìtọ̀, tàbí àìmu omi tó lásìkò ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin lè fà á. Bó bá ti ṣubú tó forí gbá nǹkan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dì lábẹ́ agbárí díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì lè yọ ọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání. Piriton àti oògùn oorun máa ń da iyè àgbà rú. Bó bá jẹ́ láti oṣù pípẹ́ ni, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà, tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn), fítámì B12, HIV àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis) wò, kí wọ́n sì ya àwòrán orí. Ilé ìwòsàn Fásitì Àbújá wà ní Gwagwalada. Ti ọpọlọ wà ní Barnawa, Kàdúná. Donepezil, oògùn tí dókítà lè kọ (5mg lálẹ́, tó lè di 10mg lẹ́yìn bí oṣù kan) kì í wo Alzheimer sàn. Ó lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Àmọ́ ààwẹ̀ tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀, ṣẹ́ẹ̀nì àti ẹgba, ìyẹn ń yára pa arúgbó ni. Ẹ fún un ní ìdajì kọ́ọ̀pù omi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ bá là, àfi bí dókítà bá ní kó dín omi kù. Kó jókòó dáadáa kó tó jẹun, kí òkèlè kéré, kí ọbẹ̀ sì yọ̀.

Èdè tún wà níbẹ̀. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nígbà tó dàgbà lè lọ ṣáájú, Yorùbá á ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ bá jẹ́ Hausa, ẹ kọ́ ọ ní "omi", "ẹ jẹun", "ẹ jókòó", "ẹ rọra", "ṣé ẹ fẹ́ tọ̀?" Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́nikẹ́ni má sì bi í pé "Ta ni mí?" Ẹ dárúkọ ara yín: "Màmá, Bọ́lá rèé."

Nítorí ìrìn òru, ẹ fi ìkọ́ ilẹ̀kùn sókè ju orí rẹ̀ lọ, kí ẹnì kan sì máa wà nílé. Ẹ má ti òun nìkan mọ́lé. Ẹ rán káàdì mọ́ inú bùbá rẹ̀, kí àwọn fijilanté má baà lù ú bó bá sọnù. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní èdè méjèèjì: "Ara màmá yìí kò yá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Ba ta da lafiya, don Allah a kira lambar nan."