Kí Freedom Park tó di ibi ìgbafẹ́
Mo ka ìròyìn kan tó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ gbọ́ orin ní Freedom Park l'Ékòó, ṣùgbọ́n ó fo ìtàn ilẹ̀ náà dá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, tí ìjọba amúnisìn fi amọ̀ kọ́ kí wọ́n tó wá fi bíríkì tún un kọ́, ló wà níbẹ̀; ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́. Wọ́n wó o ní 1979, ó sì di ààtàn fún ọdún pípẹ́. Ibi tí ìtàgé ńlá wà lónìí gan-an ni wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún, èyí tí kì í jẹ́ kí èmi lè pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn níbẹ̀.