Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ ọ́

Ẹni tó kọ ìròyìn kan tí mo kà ní emulator (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́) tí ò bá ṣe bíi Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́ yẹn, gan-an látòkè délẹ̀, ká má fọwọ́ kàn án rárá. Háà! Ẹ̀gbọ́n, níbí l'Àjàṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú wa, àlòkù tó ti Yúróòpù wá ni o. ZSNES, emulator kan tó jáde ní 1997, assembly (èdè kọ̀ǹpútà tó sún mọ́ ẹ̀rọ gan-an) ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré lórí ẹ̀rọ tí ò lágbára, ó ń fo nǹkan, ó ń dọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n géèmù ń lọ. Ní 2011 ẹni tó ṣe bsnes, emulator tó ń wá pípé yẹn, fúnra ẹ̀ ní kọ̀ǹpútà máa sáré tó 3 GHz (GHz kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún MHz) kó tó pé pérépéré, bẹ́ẹ̀ CPU, ọpọlọ Super Nintendo, ò ju 3,58 MHz lọ! Torí pé nínú ẹ̀rọ gidi, CPU, èyí tó ń ya àwòrán àti ti ohùn jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, emulator ní láti máa dá ọ̀kan dúró kó sáré lọ sí èkejì ní gbogbo ìgbà kí wọ́n má bàa ya ara wọn.

Mo gbà pé pípé pérépéré yẹn wúlò ṣá. Air Strike Patrol, òjìji ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ kì í hàn tí emulator bá ń ya ìlà kan tán lẹ́ẹ̀kan, torí àárín ìlà ni géèmù yẹn ti ń yí nǹkan padà. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú géèmù àtijọ́ pamọ́, kó lo bsnes. Èmi, Snes9x, emulator mìíràn, ló wà lórí fóònù mi, àwọn ọmọ àbúrò mi ò sì tíì ráhùn.