Owó Ìtanràn Lórí Sóyà

Bílíọ̀nù 12 dọ́là tí Ààrẹ Donald Trump kéde fún àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà lóṣù Kejìlá ọdún 2025 kì í ṣe ìrànwọ́. Owó ìtanràn ni, lórí ìjà owó ibodè tó lé Ṣáínà, oníbàárà sóyà wọn, lọ. Àpò ará ìlú ni wọ́n sì ti yọ ọ́, títí kan àpò àwọn ọmọ wa tó ń san owó orí ní Houston àti Maryland, kì í ṣe àpò ẹni tó jẹ̀bi. A ò ní kí àgbẹ̀ má gbà á o. Ẹni tó jẹ gbèsè irúgbìn àti ajílẹ̀, tí sóyà rẹ̀ wà nínú àká tí kò rí ẹni tà á fún, kò lè kọ owó.

Ohun tí à ń wí láti ọdún 2018 náà la tún ń wí. Nígbà náà, Trump gbé owó ibodè lé ọjà Ṣáínà, Ṣáínà fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sóyà Amẹ́ríkà, ó sì kọjú sí Bràsíl. Ìjọba san owó fún àgbẹ̀ lọ́dún yẹn, ó tún san lọ́dún 2019. Oníbàárà tó ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn kì í padà tán. Ṣáínà yìí ló sì ń ra ju ìdajì gbogbo sóyà tí orílẹ̀-èdè kan ń tà fún òmíràn láyé. Ta ló fẹ́ rọ́pò rẹ̀? Àdéhùn ọjà tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ṣe lóṣù Kìíní ọdún 2020, tí wọ́n fi ń yangàn pàápàá, Ṣáínà ò rà tó iye tó ṣèlérí.

Síbẹ̀, Trump tún gbé owó ibodè lé ọjà Ṣáínà lọ́dún 2025. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, sóyà Amẹ́ríkà kankan ò wọ Ṣáínà. Ní North Dakota, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń kó sóyà lọ sí etíkun Pàsífíìkì, ìkórè dé, ọjà ò sí. Oṣù yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ń ṣètò bílíọ̀nù 20 dọ́là láti fi gba Ajẹntínà sílẹ̀ nínú ìṣòro owó. Ajẹntínà yọ owó orí kúrò lórí sóyà tó ń tà sókè òkun fún ọjọ́ díẹ̀, Ṣáínà sì sáré ra ti Ajẹntínà. Scott Bessent, tí àpò ìṣúra wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ó ní àgbẹ̀ sóyà ni òun náà, òun mọ ìrora ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ilẹ̀ oko ló ní nígbà náà, tó ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀; ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń pè ní àgbẹ̀.

Lóòótọ́, Ṣáínà ti gbà láti máa ra mílíọ̀nù 25 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún títí di 2028. Ìyẹn ò ju ohun tó ń rà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Kí wá ni èrè ìjà?

Ọwọ́ Ilé Aṣòfin ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ owó ibodè sí. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, Sẹ́nétọ̀ Chuck Grassley láti Iowa àti Maria Cantwell gbé àbá kan wá pé kí owó ibodè tuntun tí Ààrẹ bá gbé kalẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn 60 ọjọ́ bí àwọn aṣòfin ò bá fọwọ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kí àbá náà sùn. Kí wọ́n jí i, kí wọ́n dìbò lé e kí àgbẹ̀ tó tún gbin sóyà. Kí wọ́n sì pe Bessent àti Brooke Rollins tó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn síwájú wọn, kí wọ́n bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n tún fẹ́ san lẹ́yìn ìkórè tó ń bọ̀.