Ètò Ni Kó Ṣáájú Ìnira: Èrò Ọkàn Mi Lórí Àyípadà Ọrọ̀ Ajé Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní Eagle Square nílùú Àbújá, ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbà náà tí Báńkì Àpapọ̀ fi jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí yóò jẹ́. Ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí ló gbé wa wọ àyípadà tí mo gbà pé yóò gbà tó ọdún mẹ́wàá kí a tó mọ ibi tí yóò já sí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí orílẹ̀-èdè ṣe lè la irú àkókò bẹ́ẹ̀ já láìjẹ́ pé mẹ̀kúnnù nìkan ni yóò san gbogbo gbèsè rẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́ kó yé wa pé n kò sí lára àwọn tó ní kí ìjọba má fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ epo láéláé. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2023, tírílíọ̀nù 3.36 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ti oṣù mẹ́fà péré sì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti wọ gbèsè dé ọrùn nígbà náà. Epo tí a fi owó gbogbo wa sọ di pọ́ọ́kú ń gba ẹ̀yìn Ìdírókò àti Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá títì tí wọ́n sì ń pè é ní kpayo. Dọ́là pàápàá ní iye méjì: ẹni tó mọ ènìyàn níbi tó yẹ lè rà á ní nǹkan bíi 460 náírà, kó sì tà á nígboro ní iye tó ju 700 lọ láìṣe iṣẹ́ kankan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè wà títí. Ohun tí mo ń bá àwọn tó ń darí wa wí ni èyí tí wọ́n fi ṣáájú àti èyí tí wọ́n fi sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní ọjọ́ kẹta ìkéde náà, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ti di nǹkan bíi 490 ní Èkó, ó sì ju 550 lọ ní apá kan òkè ọya. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún kan náà, ó ti di 617 ní Àbújá, nígbà tó sì di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ wá ńkọ́? 30,000 náírà tí wọ́n ti fọwọ́ sí láti ọdún 2019 ni òṣìṣẹ́ ń gbà lọ títí di oṣù Keje ọdún 2024, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000. Ọjọ́ mẹ́ta ni owó epo fi yí padà, oṣù mẹ́rìnlá ni owó oṣù fi tẹ̀lé e. Owó 25,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn yóò fún ìdílé mílíọ̀nù 15, oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n kéde rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 wọ́n ti dá a dúró nítorí ìwádìí owó ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà nídìí rẹ̀. Epo bẹntiróòlù láti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ilé tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, kò jáde sí ọjà títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Gbogbo ohun tó yẹ kó jẹ́ ìrọ̀rí fún wa, lẹ́yìn tí orí ti gbá ilẹ̀ tán ni wọ́n ń gbé e bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ìnira yìí ṣe ń dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀, kí ó lọ jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní ìgbèríko Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn. Ọ̀kadà ló ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, epo ló sì ń mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, epo ló ń mu. Ọkọ̀ tí yóò gbé àpò gàrí dé ọjà Bódìjà, epo náà ni. Ìyá kan tó ń yan gàrí ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe owó tí òun ń san fún ẹni tó ni ẹ̀rọ ló dun òun jù. Ní àtijọ́, bí ó bá ti gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ dé, ọkùnrin náà á fa ẹ̀rọ rẹ̀, á sì rin ín fún un lójú ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, ó ní láti dúró títí ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin mìíràn yóò fi pọ̀ jọ, nítorí pé ọkùnrin náà kò fẹ́ tan ẹ̀rọ nítorí agbọ̀n kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, gàrí rẹ̀ kò sì ní dára mọ́. Obìnrin yìí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà 70,000 tí a ń sọ kò kàn án. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí ìjọba fi ń pín owó. Ó sì ń sanwó àyípadà yìí lójoojúmọ́, nínú gbogbo agbọ̀n tó bá gbé dé ìdí ẹ̀rọ.

Ohun tó mú mi gbà pé ó ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn ni pé wọ́n ti ṣe é lọ́nà mìíràn rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, kí ìjọba orílẹ̀-èdè Ìráànì tó fi kún owó epo, gáàsì àti iná mànàmáná, wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn olórí ìdílé ní àkáǹtì ní báńkì, wọ́n sì ti san owó sí i. Owó náà wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń rí i, àmọ́ wọn kò lè fọwọ́ kàn án àfi ìgbà tí iye epo bá yí padà. Lóòótọ́, ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ agbára owó yìí run láàárín ọdún díẹ̀, nítorí pé iye kan náà ni wọ́n ń san nígbà tí ọjà ń gòkè, ẹ̀kọ́ nìyẹn náà sì jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìnira bẹ̀rẹ̀, ìrànwọ́ ti wà lọ́wọ́ aráàlú.

Kí a tilẹ̀ má lọ jìnnà. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ́yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọdún méjì àbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ yàrá ìkàwé, tí wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n sì fi wá owó, kí ilẹ̀kùn tó ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní ọdún 1954, fò sókè kọjá 811,000 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Owó orí tí wọ́n fi kún un nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn ènìyàn nínú débi pé ẹgbẹ́ Action Group tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ní agbègbè tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ru ẹrù tó wúwo, nítorí pé ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn kì í san iye tí ọjà àgbáyé ń san fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìdìbò agbègbè dé ní ọdún 1956, Action Group ló borí. Bí mo ṣe rí i, ìdí kan pàtàkì ni pé aráàlú ti fojú rí ilé ẹ̀kọ́ lábúlé wọn, ọmọ tiwọn sì ti jókòó sínú rẹ̀. Ènìyàn lè gba ìnira mọ́ra bí ó bá ń rí ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ fi èyí wé bí a ṣe ṣe owó epo rọ̀bì lẹ́yìn náà. Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní àwọn ọdún 1970, a fi owó oṣù Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Olóyè Udoji dámọ̀ràn, ṣe fàájì, a kò fi pamọ́. Nígbà tí iye epo wá já wálẹ̀, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986 nígbà ìjọba Ọ̀gágun Babangida, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aráàlú sì tú síta ní ọdún 1989. Lẹ́yìn rògbòdìyàn yẹn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ètò ìrọ̀rùn. A tún rí owó lẹ́ẹ̀kan sí i: àpamọ́ owó epo tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ní òpin ọdún 2008, àmọ́ nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2010, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti tán. Àwọn gómìnà ló ń pariwo jù lọ pé kí wọ́n pín in, nítorí pé òfin kò sọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé Àbújá nìkan ni gbogbo wa ń dojú ìbínú kọ. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò, tí dọ́là tí ìjọba ń rí sì ń di náírà púpọ̀ sí i, owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, tún ṣàfikún ti ìpínlẹ̀ nínú owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT: ìdá 10 nínú 100 ni ti ìjọba àpapọ̀, ìdá 55 ni ti ìpínlẹ̀, ìdá 35 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Mo yin òfin yẹn, pàápàá nítorí pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí ìdá 90 nínú 100 owó kan bá ń lọ sí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìbéèrè wa máa lọ. Ọ̀nà oko tí ọ̀kadà ìyá onígàrí ń gbà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí rẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ó bà mí nínú jẹ́ pé ìdájọ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò tíì di ohun tí a ń bi alága ìjọba ìbílẹ̀ wa léèrè ní gbogbo ìgbà tí a bá rí i níbi ìnáwó.

Àpẹẹrẹ kan ṣì wà tó fi hàn pé àìṣètò kò tíì fi wá sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí oúnjẹ ti wọ́n kọjá àfaradà, ìjọba ní àwọn yóò jẹ́ kí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó ibodè fún ọjọ́ 150. Ebi ń pa àwọn ènìyàn gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn kan tẹ ara wọn pa ní Àbújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Kò sí ẹni tó lójú àánú tí yóò ní kí ìrẹsì má wọlé. Àmọ́ ní ọdún 2025 tí iye oúnjẹ wá ń já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ti fi owó ńlá ra ajílẹ̀ tó sì fi owó ńlá gba lébìrà kò rí owó wọn pa padà. Bí a bá ti ní ilé ìtọ́jú ọkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọba ì bá ra ọkà pamọ́ nígbà tó pọ̀, ì bá sì tú u síta nígbà tó wọ́n, kí a má baà máa fi ebi ará ìlú rọ́pò àdánù àgbẹ̀. Owó láti ṣe èyí wà nínú ohun tí ìpínlẹ̀ ń gbà lónìí.

Ọdún 2027 ni ìdìbò gbogbogbò tó ń bọ̀, a ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín ọdún mẹ́wàá yìí nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe gómìnà tàbí aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde lóṣooṣù mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá tó yé ìyá tó ń yan gàrí, kí wọ́n fi òfin ya apá kan sọ́tọ̀ nínú àfikún owó tó ń wọlé, tí gómìnà kankan kò ní lè fọwọ́ kàn títí ọjọ́ tí iye epo rọ̀bì bá tún já wálẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún wa, kí wọ́n tó fi kún owó ohunkóhun, ohun tí yóò ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí kì í gba owó oṣù.