Àtẹ́lẹwọ́ La Bá Ilà

Àwọn àgbà ní, àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí a bá pa òwe yìí, ohun tí a ní lọ́kàn ni àṣà tí a bá nílẹ̀: báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa, ẹ má bi wá ní ìdí rẹ̀. Òótọ́ ni, ní ti ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹnìkan ló kọ ilà náà. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá àgbà á da ẹ̀wà sórí atẹ, gbogbo wa á jókòó yí i ká lórí ẹní, à ń ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, nítorí àkàrà òwúrọ̀ Sátidé. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan ẹ̀wà, á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀. Á dárúkọ oríkì rẹ̀, á dárúkọ orílẹ̀ rẹ̀, á sì mú oríkì náà dé ibi tí ẹnu rẹ̀ bá mọ. Níbi tó bá ti há, Ìyá àgbà á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àjọkẹ́, ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí!" Orí mi á wú. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àlọ́. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pa àlọ́ yìí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la sì ń pariwo "Ẹ̀wà!" bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tó lé tìróò náà ló kún ọwọ́ wa.

Mo rò pé gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí mo lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ tán ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tí kò ki ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń lọ sílé ọkọ kí n tó bi Ìyá àgbà pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ni. Tamale ní orílẹ̀-èdè Gáńà lòun àti bàbá àgbà wa ti ń tajà nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáńà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní ìsọ̀, wọ́n kọ́lé. Ó kó àwọn ọmọ sínú lọ́rì, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀. Àwọn ọmọ délé, wọn ò mọ ẹbí, wọn ò mọ orílẹ̀ wọn, Haúsá ló yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ó ní, "Kò sówó tí mo lè fi rọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ẹ̀wà la ní, òun ni mo fi pè wọ́n jókòó."

Ilà tí mo bá látẹ́lẹwọ́ mi nìyẹn. Obìnrin tí gbogbo ọjà rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Mo sọ ọ́ nítorí àwọn òbí tó ń rò pé ó dìgbà tówó bá dé: ìgbà tí a bá lè kó àwọn ọmọ lọ ṣe fàájì níbì kan, ìgbà tí a bá lè ta àgọ́, ká pe onílù. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í jinlẹ̀ lọ́kàn ọmọ tó ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń jẹ adùn alẹ́ Jímọ̀. Ẹ wá nǹkan kékeré kan tí ẹ lè ṣe nígbà tówó wà àti nígbà tí kò sí, ẹ fún un lọ́jọ́, ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi tó kéré jù ló ń gbé àtùpà wá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a gbé e. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí. Tí a bá péjọ nílé, tí iná lọ, òun náà ló ń sáré dìde.

Èyí tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ ìbí. Ẹ rántí pé níbi ìkómọ, ẹbí á máa sọ owó sínú omi, wọ́n á máa fún ọmọ lórúkọ. Orúkọ á pọ̀ bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, méjì péré la ń pè. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí, kí ọmọ tó jẹun, à ń pe gbogbo orúkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Ọmọkùnrin mi kò bá bàbá ìyá mi láyé ju oṣù méjì lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bàbá náà fún òun lórúkọ. Lásìkò kájú pẹ̀lú, a máa ń lọ sóko. Aṣọ oko tí omi kájú ti bà jẹ́ pátápátá kò ṣe é jù nù nílé wa.

Mo ti ṣe é ṣì rí o. Lọ́dún kan, mo sọ alẹ́ Jímọ̀ di kóòtù. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni mo ń béèrè iṣẹ́ ilé-ìwé, tí mo ń fi "kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò" dá ara mi láre. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwọn ọmọ níṣẹ̀ẹ́jú tí mo bá gbé atẹ jáde, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Ìyá àgbà ti lọ nígbà yẹn, n bá bi í. Mo rántí pé kò bá wa wí rí nídìí ẹ̀wà. Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, á ní ó dọ̀la. Mo gbé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé lọ sọ́jọ́ mìíràn, ó sì gbà wá tó oṣù kan kí ẹ̀rín tó padà sórí ẹní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àwọn aládùúgbò wa bá wa jókòó. Ó bi ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ki ara wọn kí wọ́n tó ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè kúrò lórí atẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ayé Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ó sì sún sẹ́yìn kí ọmọ náà lè ráyè jókòó dáadáa.